Ògbójú tàbí Ọ̀dájú? Kíkọ́ Ọ̀rọ̀ Ọkàn nínú Ìtàn Àròsọ Fágúnwà ní Kíláàsì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ìtàn àròsọ Yorùbá ní kíláàsì wò, pàápàá bí ó ṣe kan ọ̀rọ̀ ọkàn: ìfẹ́, ìbẹ̀rù, àánú, ìbànújẹ́ àti ìgboyà. Ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ni a gbé ka iwájú, ibi tí Kàkó ti pa obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya ni a sì tẹ pẹpẹ àlàyé wa lé. Èrò wa ni pé bí olùkọ́ bá sáré lọ sórí ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn tó wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, ó ti dojú ètò tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ dé, ó sì lè sọ ìwà ọ̀dájú di ìwà akọni lójú ọmọ tí ó ń kọ́. A fi ìlànà ìkọ́ni tí olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lè mú lò kádìí iṣẹ́ náà.

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá iṣẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ mu gidigidi, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí a dá alángbá tí inú ń run mọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ alángbá. Bákan náà ni ó bá kíláàsì mu. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó síwájú olùkọ́ kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn kọjú sí pátákó ìkọ̀wé, kí olùkọ́ náà má sì mọ ohun tí ìtàn tí wọ́n jọ ń kà ń ṣe nínú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì rí láti wo akẹ́kọ̀ọ́ lákòókò ìdánrawò ìkọ́ni yóò mọ bí ẹ̀kọ́ ìtàn àròsọ ṣe sábà máa ń lọ. Olùkọ́ yóò kọ àkọlé ìwé sí ojú pátákó. Yóò sọ ìtàn náà ní ṣókí. Yóò to àwọn ẹ̀dá ìtàn lẹ́sẹẹsẹ, yóò dárúkọ ibùdó ìtàn, yóò sì mẹ́nu ba àwọn ọnà èdè tí ó hànde. Ní ìparí, yóò kọ "Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa" sílẹ̀, yóò sì to ẹ̀kọ́ náà ní mẹ́rin tàbí márùn-ún kí aago tó lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Ìdánwò ń béèrè wọn, kò sì sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa ìtàn láìmọ ẹni tí ó ṣe kí ni níbo. Ohun tí ó ń kọni lóminú ni pé kíláàsì lè ṣe gbogbo èyí láṣeyọrí, kí ó máà tíì ka ìtàn náà rárá.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: nígbà tí ìtàn bá dé ibi tí ọkàn ẹ̀dá ti gbọgbẹ́, kí ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣe?

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìtàn àròsọ Yorùbá tí ó dá lé ọ̀rọ̀ ọkàn, Ó Le Kú (1974) ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn yóò rántí Àjàní, Aṣákẹ́, Lọlá àti Ṣadé, pàápàá nítorí fíìmù tí Túndé Kèlání fi ìwé náà ṣe ní 1997. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàrin ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kà sí ọ̀rọ̀ ọkàn. Ìdí nìyí tí a fi mọ̀ọ́mọ̀ yan ìtàn ọdẹ, ìtàn igbó, iwin àti ewèlè, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní ìwé ìfẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ọkàn bá lè fara hàn níbẹ̀, kò sí ìtàn àròsọ tí kò ti lè fara hàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkàn ń gbé nínú èdè Yorùbá

Kí a tó wọ inú ìwé Fágúnwà, ó yẹ kí a wo ohun tí èdè fi lé wa lọ́wọ́. Nínú Yorùbá, ọkàn nìkan kọ́ ni ó ń dá ru ẹrù ìmọ̀lára ènìyàn. Inú ni ó ń dùn, inú kan náà ni ó ń bàjẹ́. Láti ara "bínú" ni a ti rí ìbínú. Ẹni tí ó ní inúure yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní inú fùfù. Àyà ni ti ìgboyà àti ìbẹ̀rù: ẹni tí ó láyà kò sá, ẹni tí àyà rẹ̀ já kò lè dúró. Ẹ̀dọ̀ ni ti sùúrù, ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹni tí ara ń ta pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ọkàn ní tirẹ̀ ni ó ń balẹ̀, ni ó ń fà sí nǹkan, ni ó ń pòrúurùu.

Ojú náà wà níbẹ̀, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Ojú ni ìtìjú ti ń wá. Ojú àánú ni a fi ń wo ẹni tí ìyà ń jẹ. Ẹni tí ó bá gbójú ni a ń pè ní ògbójú, ẹni tí kò ní àánú lójú ni a ń pè ní ọ̀dájú. Kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí dáadáa. Ẹ̀yà ara kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé. Ògbójú ń wo ewu láìsẹ́jú. Ọ̀dájú ń wo ìrora ọmọnìkejì láìsẹ́jú. Ọ̀kan jẹ́ oríyìn, èkejì jẹ́ èébú, ààlà tí ó wà láàrin wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àkọlé ìwé Fágúnwà ti fi oríyìn náà lé wa lọ́wọ́ kí a tó ṣí ojú ewé kìíní. Iṣẹ́ kíláàsì ni láti wò ó bóyá gbogbo ohun tí àwọn ògbójú inú ìwé náà ṣe ni ó yẹ fún oríyìn.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn láìfi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn yóò máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọn gbogbo ìmọ̀lára: ó fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá nílé ní ju èyí lọ lápò. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́ ọ bí yóò ti ná an.

Ohun tí Fágúnwà béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé

Ní 1903 ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní Òkè-Igbó. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, iṣẹ́ olùkọ́ náà ni ó sì ń ṣe nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti tọ́ka sí i pé ó fẹ́ràn láti máa kọ́ni lọ́gbọ́n nínú ìtàn rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, jíròrò lórí èyí. Àwọn olùkọ́ tí ń sáré lọ sórí ẹ̀kọ́ inú ìtàn lè sọ pé òǹkọ̀wé náà ni àwọn ń tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Níbẹ̀, Fágúnwà fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù. Òun ni onílù, àwọn òǹkàwé tí ó gbọ́n ni yóò túmọ̀ ohun tí ìlù náà ń wí. Lẹ́yìn èyí ni ó wá gbé ohun tí ó ń fẹ́ kalẹ̀. Ó ní kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò ẹ̀dá ìtàn tí ó ń sọ̀rọ̀, kí ó máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni ẹni náà. Bí ẹlòmíràn bá sì ń fèsì, kí ó gbà á bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí. Lẹ́yìn tí ó ti sọ èyí tán ni ó tó wá sọ pé kí òǹkàwé máa ṣa ọgbọ́n inú ìtàn náà jọ bí ó ti ń bá a lọ.

Ètò tí ó tò yìí ni ó yẹ kí a kíyè sí. Fífi ara ẹni sí ipò ẹlòmíràn ni ó ṣáájú, ọgbọ́n ni ó tẹ̀ lé e. Fágúnwà olùkọ́ kò sọ pé kí a má wá ẹ̀kọ́. Ó sọ ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà yóò gbà wá. Kíláàsì tiwa ti fi ìkejì ṣáájú, ó sì ti gbàgbé ìkíní.

Ó dùn mọ́ni pé ní ọdún 1938 kan náà ni ìwé Louise Rosenblatt, Literature as Exploration, jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé náà àti nínú èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1978, The Reader, the Text, the Poem, onímọ̀ yìí ṣàlàyé pé ìtumọ̀ kì í dá jókòó sínú ìwé. Ìgbà tí òǹkàwé àti ìwé bá pàdé ni ó ń wáyé. Ó ya oríṣi kíkà méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni kíkà tí a fi ń wá ohun tí a óò mú lọ lẹ́yìn tí a bá kàwé tán, bí ẹni tí ń ka ìwé ìtọ́sọ́nà oògùn. Èkejì ni kíkà tí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí òǹkàwé lákòókò tí ó ń kàwé jẹ lógún. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pe ti àkọ́kọ́ ní kíkà amẹ́kọ̀ọ́bọ̀, a ó sì pe ìkejì ní kíkà awọnilára. Rosenblatt kò ka Fágúnwà, Fágúnwà kò sì ka Rosenblatt kí ó tó kọ ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí tíọ́rì kan wá ṣàlàyé lọ́hùn-ún, òǹkọ̀wé Yorùbá ti fi bẹ òǹkàwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ Yorùbá rò pé àṣà àjèjì ni kíkà awọnilára.

Kàkó àti obìnrin tí kò ní orúkọ

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìlànà òǹkọ̀wé yìí lò. Ọba rán Àkàrà-oògùn sí Òkè Láńgbòdó láti lọ mú ohun tí yóò fún ìlú ní àlàáfíà àti ìgbádùn wá. Àkàrà-oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ògbójú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Lẹ́nu ètò ìgbéyàwó ni Kàkó wà nígbà tí ìpè náà bá a. Ó gbà láti lọ. Obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi òun sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ó dì mọ́ ọn. Kàkó bínú, ó fa àdá yọ, ó sì ṣá a. Obìnrin náà ṣubú, ó kú, orúkọ Kàkó ni ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Kàkó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àkíyèsí mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Fágúnwà fẹ́ràn láti sọ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ní orúkọ tí ó kún fún ìtumọ̀. Ìmọ̀dóyè, Ọlọ́hùn-iyọ̀ àti Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ oríkì ohun tí ẹni náà lè ṣe. Obìnrin yìí kò ní orúkọ. Ẹni tí a kò sọ lórúkọ ni ó fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń to orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sínú ìwé rẹ̀ kò ní rí ibi kọ ọ́ sí, ìlànà tí a fi ń kọ́ni yóò sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èkejì ni ohun tí ọwọ́ àwọn méjèèjì ń ṣe. Ọwọ́ obìnrin dì mọ́ni, ọwọ́ ọkùnrin gé ni. A kò nílò kí olùsọ̀tàn sọ fún wa pé ẹnì kan fẹ́ràn tí ẹnì kan kò náání. Ìṣe wọn ti sọ ọ́. Ibí ni olùkọ́ ti lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkàn kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ìtàn. Ìṣe ni ó máa ń jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń kà á.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n ń wá lọ. Àlàáfíà ìlú ni. Ṣùgbọ́n ta ni ìlú? Bí obìnrin tí ó di ọkọ rẹ̀ mú kò bá sí lára ìlú, nítorí àwọn wo ni ìrìn àjò náà ṣe wáyé? Ìrìn àjò tí kò ráyè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ó padà gbé àwọn ọdẹ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, níbi tí wọ́n ti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n fún ọjọ́ méje. A kò sọ pé Fágúnwà ka ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwé rẹ̀ gbé nǹkan méjèèjì kalẹ̀, ó sì ní kí àwọn tí ó gbọ́n túmọ̀ ìlù.

Wàyí o, kí ni kíkà amẹ́kọ̀ọ́bọ̀ máa ń rí mú níbí? "Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣáájú ọ̀rọ̀ ara wa." Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni, kò sí ẹni tí yóò takò ó ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan yóò mú lọ sílé bí ó bá jẹ́ pé láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn, ni ó ti rí ẹ̀kọ́ náà. Yóò mọ̀ pé akọni a máa ní iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, pé obìnrin a máa dí i lọ́nà, àti pé àdá lè yanjú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í yóò mọ̀ pé bí wọ́n bá pa ẹni tí ó jọ òun, kíláàsì yóò ṣí ojú ewé tí ó kàn. Kò sí olùkọ́ tí ó gbèrò láti kọ́ni ní èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a gbèrò nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́; ohun tí a dákẹ́ lé lórí náà ń kọ́ ọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a fi ti èyí. Bàbá Àkàrà-oògùn, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, yìnbọn lu ohun tí ó rò pé ẹran ni, ó sì wá rí i pé ìyàwó òun, ìyá Àkàrà-oògùn, ni. Ọdẹ ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, obìnrin wọn ni ó sì kú sí wọn lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀. Bàbá kò mọ ẹni tí ó wà níwájú ìbọn rẹ̀. Kàkó mọ̀, ojú rẹ̀ sì ń wo ojú rẹ̀. Bí kíláàsì bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ìyàtọ̀ láàrin ibi tí ó ṣèèṣì dé àti ibi tí a fọwọ́ ara wa ṣe yóò hàn kedere. Ìgbà náà ni ìbéèrè tí ó jẹ́ àkọlé iṣẹ́ yìí yóò ní ìtumọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́: ṣé ògbójú ni Kàkó níbí, tàbí ọ̀dájú?

Ìyùnadé àti gègé ìkọ̀wé

Kí a má baà rò pé ojú kan náà ni Fágúnwà fi ń wo ọ̀rọ̀ obìnrin nígbà gbogbo, ó dára kí kíláàsì tún wo Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní 1961, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀, Àdììtú kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí Ìyùnadé, Ìyùnadé náà sì kọ̀wé sí i, títí wọ́n fi di tọkọtaya. Obìnrin yìí ní orúkọ, gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn tirẹ̀ ni ó sì fi sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àdììtú gbọ́dọ̀ dúró de èsì.

Dídúró de èsì yìí ni ọ̀gangan ọ̀rọ̀. Ìfẹ́ nínú lẹ́tà ń fún ẹnìkejì ní àyè láti dáhùn. Obìnrin Kàkó bẹ̀bẹ̀, èsì àdá ni ó gbà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú ìtàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà àti adùn nìkan. Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n fetí sí, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Àtakò tí ó lè wáyé

Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn akọni ni Ògbójú Ọdẹ, pé nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ akọni gbọ́dọ̀ já gbogbo okùn tí ó so ó mọ́lé kí ó tó lè lọ, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ojú òde òní dá ẹ̀dá inú ìtàn 1938 lẹ́jọ́. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni pé Kàkó kì í ṣe ọkọ kan ní àdúgbò wa. Ẹ̀dá ìtàn ni nínú ayé tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, tí igi ti ń rìn. Kì í ṣe pé kí kíláàsì di ilé ẹjọ́ ni a ń wí.

Èsì wa jẹ́ méjì. Èkíní, kì í ṣe òde òní ni ó mú ojú àánú wọ èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀dájú" ti wà kí a tó bí Fágúnwà, àwọn tí ó sì ń lò ó mọ̀ pé ìgboyà láìsí àánú kò pé ní ìwà ọmọlúàbí. Èkejì, òǹkọ̀wé ni ó fún obìnrin náà ní àyè. Bí ó bá jẹ́ pé okùn tí a óò já lásán ni ó fẹ́ kí ó jẹ́, ó lè sọ pé Kàkó dágbére fún aya rẹ̀, kí ìtàn máa lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ó bẹ̀bẹ̀, ó jẹ́ kí ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fi orúkọ ọkọ náà sí i lẹ́nu bí ó ti ń kú. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ láìdúró ni kò ka ohun tí ó wà lójú ìwé.

Àtakò mìíràn ni ti àkókò àti ìdánwò. Wákàtí kò tó, ìwé pọ̀, WAEC àti NECO kò sì ní béèrè bí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń béèrè ìfìwàwẹ̀dá, ó ń béèrè àhunpọ̀ ìtàn, ó ń béèrè ìlò èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti fi ara rẹ̀ sí ipò Kàkó àti obìnrin rẹ̀ yóò ní ohun tí yóò kọ lórí ìfìwàwẹ̀dá ju ẹni tí ó há "Kàkó jẹ́ akíkanjú ènìyàn" sórí lọ.

Ìlànà fún olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni a dá lábàá, ẹ̀kọ́ méjì ológójì ìṣẹ́jú sì lè gbà wọ́n.

Èkíní, kí olùkọ́ ka ìṣẹ̀lẹ̀ náà sókè ketekete láti inú ìwé, kí ó má sọ ọ́ ní ṣókí. Ìró èdè Fágúnwà jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá kà á tán, kí ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun. Olùkọ́ tuntun a máa bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó tẹ̀ lé ikú nínú ìtàn kì í ṣe àkókò tí ó ṣòfò.

Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní lára: inú ta ni ó bàjẹ́, àyà ta ni ó já, ojú ta ni ó dá? Kí wọ́n tọ́ka sí ibi tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà yìí, ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ èdè yóò di ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣe ohun tí Fágúnwà bẹ̀ wọ́n. Kí ìdá kan nínú kíláàsì sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ẹnu Kàkó, kí ìdá kejì sọ ọ́ láti ẹnu obìnrin náà, kí ìdá kẹta sọ ọ́ láti ẹnu Àkàrà-oògùn tí ó dúró tì wọ́n. Ó dára kí àwọn ọmọkùnrin wà lára àwọn tí yóò sọ ti obìnrin, kí àwọn ọmọbìnrin sì wà lára àwọn tí yóò sọ ti Kàkó. Ìwé yìí gba ìṣeré dáadáa. Wálé Ògúnyẹmí ti sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tí ó pè ní Láńgbòdó, tí wọ́n ṣe níbi FESTAC ní 1977.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà yìí ni kí wọ́n tó wá wádìí ẹ̀kọ́ inú ìtàn, kí olùkọ́ sì gbà kí èrò wọn yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó sọ pé ògbójú ni Kàkó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ láti inú ìwé. Ẹni tí ó pè é ní ọ̀dájú gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà. Ó ṣeé ṣe kí kíláàsì fẹnu kò pé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì bá a mu, kí ó sì jẹ́ pé òye tí ó jinlẹ̀ jù nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, kí iṣẹ́ àṣetiléwá jẹ́ ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn kọ: kí wọ́n sọ obìnrin náà ní orúkọ irú èyí tí Fágúnwà máa ń sọ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, kí wọ́n sì fi gbólóhùn mẹ́wàá ṣàlàyé ìdí tí orúkọ náà fi yẹ ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan tẹ̀ lé e. Nínú ogójì akẹ́kọ̀ọ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀ pé ẹnì kan ti rí ọwọ́ tí a gbé sókè sí ìyá rẹ̀ nílé. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ìtàn ilé rẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀dá inú ìwé ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìbòòjú sì ni ìwé náà jẹ́ fún ọmọ tí ó nílò rẹ̀. Bí ọmọ kan bá wá bá olùkọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ fetí sí i, kí ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ilé ìwé. Ojú àánú tí à ń kọ́ nínú ìtàn ni olùkọ́ yóò fi wo ọmọ náà.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀ ọkàn kò mọ sí ìwé ìfẹ́ nìkan, pé èdè Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a lè fi dá ìmọ̀lára kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àti pé Fágúnwà fúnra rẹ̀ fi wíwọ ipò ẹlòmíràn ṣáájú ṣíṣa ọgbọ́n jọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ Kàkó ni a fi ṣe òdiwọ̀n nítorí pé ó rọrùn láti kọjá lórí rẹ̀. Ìrìn àjò ń pe àwọn ọdẹ, ìlú ń dúró dè wọ́n; bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ ń pe olùkọ́, tí ìdánwò ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí kò dúró ní ojú ewé yẹn ti kọ́ kíláàsì rẹ̀ láti máa rìn bí Kàkó ti rìn.

A rọ àwọn olùkọ́ àgbà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ láti máa wò, nígbà tí wọ́n bá ń ṣàyẹ̀wò ìdánrawò ìkọ́ni, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ wọn jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ ohùn ìtàn kí ó tó sọ ohun tí ìtàn kọ́ni. A sì rọ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ láti ka ìwé tí wọn yóò kọ́ni tán fúnra wọn, kí wọ́n sì dúró níbi tí ó bá ti wọ̀ wọ́n lára. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.